Ìbọn Tí Wọ́n Ní Ó Ṣófo

Ambùrósì ni orúkọ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe mí níbi láyé. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú nítorí pé láti kékeré mi títí di òní, orúkọ tèmi ni gbogbo agboolé ń fi sẹ́nu bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, wọn kì í dárúkọ tirẹ̀. Ó yẹ kí tirẹ̀ náà ṣáájú lẹ́ẹ̀kan.

Òórùn ẹ̀tù ìbọn ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo padà sí Ìdáàṣà, ìlú wa, láti sin Ìyá Sesílíà, ìyàwó Ambùrósì. Bí wọ́n ṣe gbé pósí rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì dé agboolé, àwọn ọ̀dọ́ tò sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n yìnbọn sójú ọ̀run, èéfín funfun sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lára òkè bí aṣọ tí wọ́n ń ká. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbàlagbà gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi fa ìborùn bo imú. Ó jọ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ tí wọ́n wá sun mọ́ èédú. Ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ nínú ilé ìdáná rí, kò tún lè pàtẹ́wọ́ fún un mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń dàgbà báyìí kò mọ agboolé yẹn bí ó ti rí. Ẹsẹ̀ òkè gan-an ló wà, débi pé ògiri ẹ̀yìn yàrá bàbá àgbà wa kì í ṣe amọ̀, àpáta ni. Gbogbo ọ̀sán ni oòrùn máa ń lù ú, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ a lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ìyá tó pọn ọmọ. Ibẹ̀ ni èmi àti Sesílíà máa ń fẹ̀yìn tì, tí a ó máa fọ́ ẹ̀pà jẹ, tí a ó máa wo àwọn tó ń ti ọjà Gúlásúwé bọ̀ pẹ̀lú iṣu lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ambùrósì ni Sesílíà. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, orí ẹní kan náà là ń sùn, àwọn èèyàn kì í sì í pe ọ̀kan kí wọ́n má pe èkejì. A máa ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, a ó yọ̀ láti orí àpáta délẹ̀, ìyá mi a sì máa bú wa nítorí ìdí aṣọ tó ti fàya. Sesílíà mọ̀ ọ́n súfèé ju ọkùnrin lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ̀npẹ́, bí a ṣe ń pe àlùfáà Àgùdà lọ́dọ̀ wa, ti kọ́ wa ní orin Látìnì títí ó fi sú u. Sesílíà kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwa tí a mọ̀ ọ́n fi ń fi tiwa sílẹ̀ tí a ń tẹ̀ lé àṣìṣe tirẹ̀. Mọ̀npẹ́ a dijú, a mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ló ń gbà tàbí ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má gbọ́.

Bàbá mi jẹ́ ọdẹ kó tó jẹ́ àgbẹ̀. Ìbọn rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣakabùlà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ni ohun tó ṣọ́ra fún jù lọ nínú ilé, ó ju owó lọ, ó sì ju àwa ọmọ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí irú ìbọn yẹn rí, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ohun gbogbo sí i: ẹ̀tù kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìhá ọ̀pẹ tí wọ́n fi dí i, lẹ́yìn náà ọta. Ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n fi ń kì í wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, àwo irin kékeré kan wà tí wọ́n ń bu ẹ̀tù díẹ̀ sí, òkúta kan tí irin gbé mú lẹ́nu ló sì ń ṣá iná sí i. Iná bá wọ inú àwo, ó gba ojú ihò kékeré kan wọ inú, ìbọn dún.

Bàbá mi sọ pé ohun mẹ́ta yìí kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá kan. Ìbọn ń sùn lọ́dọ̀ òun, wọ́n gbé e kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó bó tilẹ̀ gun àpótí. Ẹ̀tù ń sùn nínú àká, nínú kèrègbè kékeré tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu, láàárín ẹ̀wà, jìnnà sí iná. Òkúta, ìyá mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń so ó mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Nítorí náà, bàbá mi kò lè lọ sígbó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ òkúta lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jà, ẹran ìgbẹ́ sinmi. Ìgbà kan wà tí ìjà wọn pẹ́ tí ọ̀yà fi ń rìn kọjá lẹ́yìn ilé wa ní ọ̀sán gangan bí àlejò. Bàbá mi ń wò ó. Ìyá mi ń lọ ata, kò gbójú sókè.

Bó bá sì ti oko ọdẹ dé, kì í gbé ìbọn wọ agboolé tààrà. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí, á wá pariwo pé: “Ẹ wá wò ó!” Èmi àti Sesílíà a sáré jáde. Á yí ẹnu ìbọn sí òkè níbi tí kò sí èèyàn, á ti ọ̀pá wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dúró. Ó ti gé àmì kan sára ọ̀pá yẹn ní ọjọ́ tí ìbọn ṣófo dájú. Bí àmì bá dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ìbọn, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bó bá yọ sókè, nǹkan wà níbẹ̀, a ó sì sá sẹ́yìn kó tó yọ ọ́.

“Kí lẹ rí?”

“Ó dọ́gba, Bàbá.”

“Ìwọ náà ńkọ́, Sesílíà?”

“Ó dọ́gba, Bàbá ọdẹ.”

Bó bá ti gbọ́ ẹnu àwa méjèèjì, ó tó wọlé. Ó máa ń sọ pé ojú ẹnì kan kò tó ìbọn wò, pé ìbọn kì í ṣófo títí ojú méjì yóò fi rí i. Mo ti kàwé púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì ti kọ́ ọmọ púpọ̀, mi ò tíì rí òfin tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi fúnra rẹ̀ ló rú u.

Ambùrósì ní tirẹ̀ ń fi òfin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lẹ́wà lọ́kùnrin, ó mọ ijó, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín àna. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń fi ìbọn tirẹ̀ tì, pẹ̀lú òkúta lẹ́nu irin rẹ̀. Bí bàbá mi bá bá a wí, á rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, olè kò ní í dúró kí n lọ tọrọ òkúta lọ́wọ́ obìnrin.” Àwọn èèyàn a bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà a rẹ́rìn-ín, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn Ambùrósì. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn.

Nígbà tí bàbá àgbà wa kú, ọyẹ́ ń parí lọ, ṣùgbọ́n òjò kan tí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀ ṣú bo òkè ní ọjọ́ ìsìnkú gan-an. Àwọn àna ti Teré dé, ti Akàńpà dé. Àṣà wa ni pé àwọn ọmọ òkú tó jẹ́ ọdẹ yóò dúró sórí àpáta, wọn yóò yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tù àti ìhá nìkan ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀, kò sí ọta, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ lọ́dọ̀ wa pé ìbọn òkú kì í pa alààyè. Gbogbo èèyàn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí ẹni gba katikísìmù. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ìhá tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, tí ẹ̀tù bá tì í jáde, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkú àti alààyè bí o bá sún mọ́ ọn.

Ìtìjú ńlá sì ni fún ọkùnrin tí ìbọn rẹ̀ bá kọ̀ láti dún lójú àna. Àwọn obìnrin ilé àna a fi kọrin: “Ìbọn ọkọ wa ń sùn, ẹ bá wa jí i o!” Wọn ò ní í gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní abúlé wa tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sí létí nígbà tí ó ti lọ́mọ ọmọ.

Èmi àti Sesílíà dúró lẹ́yìn Ambùrósì lórí àpáta, a fi ìka di etí. Òjò ń rọ̀ wínniwínni. Ẹni tó ń darí wọn kígbe, gbogbo ìbọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òkè sì gbà á, ó dá a padà. Àmọ́ mo rí ìbọn tó wà níwájú mi. Irin rẹ̀ wálẹ̀, ó ṣe “kẹ́,” kò sí èéfín kankan lẹ́nu rẹ̀. Sesílíà fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

“Ti bàbá mi ò dún,” ó sọ ọ́ sí mi létí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ambùrósì gbé ìbọn sókè pẹ̀lú àwọn yòókù, ó hó pẹ̀lú wọn, ó jó sọ̀ kalẹ̀. Nínú ariwo yẹn, ta ló lè ka ìbọn?

Bàbá mi dúró síbi òkúta pẹlẹbẹ, ó ń wo ìbọn àwọn tó ń wọlé. Gbogbo wọn ló fún un ní ọ̀pá. Ó kan àbúrò rẹ̀.

“Ambùrósì, jẹ́ kí á wò ó.”

“Ó ṣófo, Ẹ̀gbọ́n. Àbí ẹ ò gbọ́ bó ṣe dún ni?”

“Mo gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe dún. Fún mi ní ọ̀pá.”

“Ẹ̀gbọ́n, lójú àwọn àna mi? Ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé mo kọ́ ìbọn yíyìn lónìí ni?”

Àwọn àna rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọdé, mo ti rí ohun tí mo rí. Mo na ọwọ́ sí ọ̀pá tó wà lábẹ́ ìbọn rẹ̀, mo ní: “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Ambùrósì gbá ọwọ́ mi.

“Ọmọbìnrin tó ń wojú ìbọn lọ́jọ́ òkú, kí ló ń wá níbẹ̀?”

Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá mi wo àwọn àna, ó wo àbúrò rẹ̀ tó dúró nínú aṣọ funfun tí òjò ti rẹ. Mo rí i pé ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kò ṣe é. Ó ní: “Ó dáa. Gbé e lọ kí ó gbẹ.”

Ìbọn tí òjò bá pa, inú ilé ìdáná ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí, sókè ààrò, kí èéfín má jẹ́ kó dípẹtà. Àṣà náà kò burú, fún ìbọn tó ṣófo. Ambùrósì gbé tirẹ̀ kọ́ sórí èèkàn méjì nínú ilé ìdáná ìyá àgbà, òun àti àṣírí rẹ̀. Àwo ẹ̀tù rẹ̀ wà ní ṣíṣí, nítorí irin ti ṣí i nígbà tó wálẹ̀ tí ẹ̀tù tútù kò gbaná. Gbogbo òru ni èéfín àti ooru fi ń gbẹ ẹ̀tù náà. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ wá tú u nígbà tí àwọn àna bá lọ. Mo ti fún un ní àǹfààní yẹn nínú ọkàn mi, kí ẹ má sọ pé mi ò ṣe ìdájọ́ òdodo.

Àwọn àna kò tíì lọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kí èmi àti Sesílíà lọ ran àwọn obìnrin lọ́wọ́. Igi tútù ni igi tó wà nílé, iná ń ta, ó ń ta bí ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan tọ́. Mo kúnlẹ̀ sídìí ààrò, mò ń wá ibi tí èéfín kò ní í bá ojú mi. Ìyá àgbà kígbe láti ìta pé kí wọ́n mú ẹja gbígbẹ wá. Orí àjà tó wà lọ́kánkán ẹnu ìbọn ni ẹja wà. Sesílíà yí odó dé, ó gun ún, ó ń súfèé.

“Èwo ni kí n mú, ńlá àbí kékeré?”

“Ńlá,” mo dá a lóhùn. “Àlejò ló ń jẹ ẹ́.”

“Kí n kúkú mú kékeré kan fún àwa méjèèjì.”

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé. Iná ta, ó ta lọ sókè, mo rí i tí ó pupa fò lójú mi lọ síbi àwo ìbọn. Lẹ́yìn náà, ilé ìdáná kún fún èéfín funfun, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ tó kù níbẹ̀ kò yẹ fún ìwé. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé Sesílíà kò dìde mọ́, àti pé kò sí ọta kan nínú ìbọn náà.

Ambùrósì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìbọn, ó wá wò mí. Mo ṣì ń rí ojú yẹn. Ó ń wá ibi tí yóò gbé ẹrù náà kà. Èmi ló rí.

“Ó ti fọwọ́ kàn án! Láti àná ló ti ń na ọwọ́ sí i! Ẹ̀yin náà rí i!”

Wọ́n rí i lóòótọ́. Gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ló rántí ọwọ́ mi. Ìyá Sesílíà já wọlé, ó gbọ́ ìyẹn kó tó rí ọmọ rẹ̀, ó sì di ohun tó gbọ́ mú títí tó fi kú. Nígbà tí àwọn ṣandámù, ọlọ́pàá ìjọba, ti ìlú dé, kò sẹ́ni tí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọdé ń ṣeré pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n mi orí, wọ́n lọ.

Mo sọ fún bàbá mi. Mo sọ pé ìbọn Bàbá kékeré, àbúrò rẹ̀, ò dún, pé Sesílíà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sí mi létí. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn àká, ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba.

“Mo mọ̀,” ó sọ bẹ́ẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ọmọ ara rẹ̀ kò ní ibi tó máa gbójú sí, á lọ so ara rẹ̀ kọ́. Ìwọ, ọmọdé ni ọ́. Ẹ̀bi ọmọdé kì í pẹ́ nílẹ̀. Gbà á fún mi.”

Kò dúró kí n dáhùn. Bàbá mi rò pé òun gba ẹ̀mí kan là, ó sì lè jẹ́ pé ó gbà á là lóòótọ́. Àmọ́ mo ti fi gbogbo ayé mi dúró de ọjọ́ tí ẹ̀bi ọmọdé yóò kúrò nílẹ̀. Irun orí mi ti funfun báyìí, ó ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n kó mi lọ sí Àbọ̀mẹ́ sọ́dọ̀ àwọn masẹ̀, àwọn obìnrin Ọlọ́run tó ń kọ́ ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé tí mo fi di olùkọ́. Àwọn ẹbí kan máa ń sọ fún mi pé ire ló tinú ibi yọ, pé ká ní kò ṣẹlẹ̀, oko ni ǹ bá wà. Mo máa ń bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ bá mi pààrọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wálé fún ọlidé, àwọn ìyá a fa ọmọ wọn mọ́ra. Ọkùnrin kan láti Gúlásúwé fẹ́ fi mí ṣe aya, ó sì fẹ́ mi tọkàntọkàn. Ìyá rẹ̀ wá ṣe ìwádìí lágboolé wa, ó padà sílé, kò sì sí ẹni tó tún wá. Ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni mo tọ́.

Ní ti Ambùrósì, wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. Kò tún gbé ìbọn mọ́, wọ́n ní ìbànújẹ́ ni. Ó di ẹni tó ń gbé ère Màríà níwájú ní ọjọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ bá kún inú ìlú wa. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń gba kọmúníọ̀n. Mi ò mọ ohun tó ń sọ nínú àpótí ìjẹ́wọ́, àṣírí òun àti mọ̀npẹ́ ni. Mo mọ̀ pé bí ó bá pàdé mi lọ́nà, “Ẹ kú àbọ̀” ló ń sọ, ó ń fi “ẹ” kí ọmọ tó gbọ́njú lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni kí àjèjì. Èmi náà a ní “Ẹ ṣé, Bàbá kékeré,” a ó sì kọjá ara wa.

Bàbá mi kò ṣọdẹ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀, ìyá mi kò tú òkúta ìbọn kúrò ní ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ títí tó fi kú. Orí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí ló wà báyìí. Ó kéré, ó dúdú, etí rẹ̀ kan ti jẹ.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Ilé onípáánù ti rọ́pò ilé koríko, káṣú ti gba ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀wà sí, kò sì sí ọ̀yà tó ń kọjá lẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe ìbọn mìíràn tí kò lo òkúta. Ṣùgbọ́n mo wo inú ilé yín nígbà ìsìnkú náà. Mo rí ìbọn lábẹ́ ibùsùn. Mo rí ọ̀kan lẹ́yìn fìríjì, tí ẹ̀tù rẹ̀ wà nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyá àti ọmọ. Mo bi wọ́n, gbogbo wọn dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tí mo ti gbọ́ rí: ó ṣófo. Ẹ pín in sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ọmọdé kò lè dé, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́n jù nínú ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó ni. Bí ó bá kọ̀ tí kò dún, ẹ sọ pé kò dún. Kí àwọn àna kọrin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sẹ́ni tí orin ti pa rí.

Lẹ́yìn tí a sin Ìyá Sesílíà, wọ́n gbé Ambùrósì jókòó sórí àga oníke lágbàlá. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá, ó ti gbẹ, ó dà bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan, Romáánù, géńdé ọkùnrin tó ní ìyàwó, ti orí àpáta dé pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà, ó ń lọ gbé e kọ́ sára ògiri ilé ìdáná, lókè orí àwọn obìnrin tó ń ro ọkà.

“Romáánù,” mo pè é. “Ta ló bá ọ wò ó?”

“Màmá Olùkọ́, ó ṣófo o! Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní: “Màmá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọdẹ ni. Ẹ fún Màmá ní ìbọn!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin ìdí ààrò náà rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Mo na ọwọ́ sí ọ̀pá tó wà lábẹ́ ìbọn, ọwọ́ kan náà, àmọ́ ó ti wọ́ báyìí. Kí n tètè sọ fún yín pé ìbọn Romáánù ṣófo lóòótọ́ nígbà tí èmi àti ìyàwó rẹ̀ wò ó. Kì í ṣe ìbọn Romáánù ló gbé mi dé ibí.

Àga oníke dún lẹ́yìn mi. Ambùrósì ti gbórí sókè, ó kọjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn mi. Àwọn ọ̀dọ́ ṣí fìlà, wọ́n rò pé bàbá fẹ́ súre fún wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ ọjọ́ tó fẹ́ mẹ́nu kàn. Bàbá mi, tó mọ̀ ọ́n, ti kú. Ìyá mi ti kú. Ìyá Sesílíà, tí mo fi gbogbo ayé mi dúró kó lè gbọ́ ọ, ilẹ̀ tí wọ́n fi bò ó kò tíì gbẹ. Ambùrósì dúró títí ìyàwó rẹ̀ fi lọ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ:

“Má gbà wọ́n gbọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Fi ọ̀pá wò ó. Èmi náà sọ lọ́jọ́ yẹn pé ó ṣófo.”